Ìrìn Ọjọ́ Kan ní Ìsàlẹ̀ Odò Murray

Àwọn baba wa a máa wí pé odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. A ti pa òwe yìí fún àwọn ọ̀dọ́ ní àìmọye ìgbà. Ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, ní ilẹ̀ Ọsirélíà, a rí ibi tí òwe náà ti yí padà: àwọn tí ń gbé ní òkè odò ni wọ́n gbàgbé ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọmọ, ẹ jẹ́ kí a jọ rin ìrìn náà. Ọmọ wa tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Adelaide ni ó fi mọ́tò rẹ̀ gbé àwa àti ìyá rẹ̀ jáde ní agogo mẹ́fà òwúrọ̀. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà níbẹ̀, bí a ti ń ṣe ní Nàìjíríà kí ó tó di ọdún 1972, nítorí náà ní gbogbo oríta ni ìyá rẹ̀ ń di ìjókòó mú. A gun òkè, a sọ̀kalẹ̀, a sì kọjá odò Murray.

Odò yìí gùn tó 2,500 kìlómítà. Láti orí àwọn òkè tí yìnyín ń bò ní ìgbà òtútù ni ó ti ń bọ̀. Láti inú rẹ̀ àti àwọn ẹ̀ka rẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ ti ń fa omi sí oko àjàrà, ọsàn, ìrẹsì àti òwú. Àwọn ará Adelaide pàápàá ń mu nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn afárá, ilẹ̀ tẹ́ lọ súà: oko àlìkámà tí ó ti pọ́n, àgùntàn lábẹ́ igi yukalíptọ́ọ̀sì, ilé kan níhìn-ín, òmíràn lọ́hùn-ún. Nígbà tí a rin bíi 150 kìlómítà, a dé Meningie, ìlú kékeré kan ní etí adágún Albert. Níbẹ̀ ni a ti ṣí kúlà ìrẹsì wa.

Bàbá àgbàlagbà kan tí ó ń fi ọ̀pá pẹja wá kí wa. A yin adágún náà lójú rẹ̀. Ó mi orí, ó ní, "Ẹ̀yin kò mọ̀ ọ́n nígbà ọ̀dá." Ó sọ pé ní nǹkan bí ọdún 2009, omi sá kúrò ní etí ìlú, ilẹ̀ là pẹrẹpẹrẹ, àwọn tí ń sin màlúù fún wàrà sì ta ẹran wọn. Òjò kò rọ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn tí ó wà lókè ti fa omi kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Ní 1940 ni wọ́n parí ìdènà márùn-ún tí kì í jẹ́ kí omi iyọ̀ òkun wọ inú adágún. Ní 1981, omi odò kéré tó bẹ́ẹ̀ tí iyanrìn fi dí ẹnu rẹ̀ pa. Láti 2002, wọ́n gbé ẹ̀rọ wá láti máa kó iyanrìn kúrò fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí odò lè rí ọ̀nà dé òkun.

Láti Meningie, ọ̀nà gba etí ọ̀sà Coorong, tí ó gùn ju 100 kìlómítà lọ. Òkìtì iyanrìn nìkan ni ó yà á kúrò lára òkun. Àwọn ẹ̀yà Ngarrindjeri ni wọ́n ni ilẹ̀ náà láti ìgbà ìwáṣẹ̀; òkìtì ìkarahun oúnjẹ àwọn baba ńlá wọn ṣì wà níbẹ̀. Ní Jack Point a rí ẹyẹ òfú, èyí tí Bíbélì wa dárúkọ, tí ẹnu rẹ̀ gùn tó ìdajì mítà. Ní etí ẹrẹ̀, àwọn ẹyẹ kéékèèké tí wọ́n fò wá láti Siberia ń ṣa oúnjẹ jẹ. Ọmọ wa tọ́ omi ìhà gúúsù wò, ó sì tutọ́: iyọ̀ rẹ̀ ju ti òkun lọ, nítorí oòrùn ń fa omi ibẹ̀ gbẹ, omi odò kì í sì í tètè dé ibẹ̀.

A rìn kọjá òkìtì iyanrìn, a sì gbọ́ òkun kí a tó rí i. Ìgbì ńlá, etíkun lọ títí, kò sí ẹlòmíràn. Ibẹ̀ ni a dákẹ́ sí, nítorí ọkàn wa ń bá wa wí. Nígbà tí a kọ́lé, a la gọ́tà kí omi òjò má bàa dúró lójúlé wa. A kò bèèrè ilé ẹni tí ó ń lọ. Aládùúgbò wa tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ti sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, a sì pè é ní oníjà.

Kò pẹ́ jù láti tún nǹkan ṣe. Ní 2012, ìjọba Ọsirélíà fi ọwọ́ sí ètò láti dín omi tí a ń fà kù, kí odò lè ní tirẹ̀. Àríyànjiyàn kò tíì tán lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ wa ní kí a tètè padà, nítorí kangarúù a máa sọdá títì ní ìrọ̀lẹ́. Méjì fò kọjá níwájú wa lóòótọ́, ìyá rẹ̀ sì ké "Jésù!" A dé ilé láyọ̀.

Nígbà tí a padà sí Nàìjíríà, ilé aládùúgbò wa ni a kọ́kọ́ lọ. A ti tún gọ́tà náà là. Ẹ̀yin ará, ta ni ó wà ní ìsàlẹ̀ odò tiyín?