Òṣé Lójú Ọ̀nà Gqeberha

Níbi tí mo ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì ní Cape Town ni ahọ́n mi ti kọ́kọ́ dójú tì mí. Gqeberha ni mò ń lọ, ìlú tí wọ́n ń pè ní Port Elizabeth kí wọ́n tó yí orúkọ rẹ̀ padà lọ́dún 2021. "Gebérà" ló jáde lẹ́nu mi. Ọmọbìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bú sẹ́rìn-ín: "Bhuti, kúkú sọ pé P.E."

Alẹ́ la gbéra, ọ̀nà náà sì lé ní 700 kìlómítà. Màmá kan, ọmọ Xhosa, ni wọ́n jókòó tì mí. Nígbà tí a kọjá George, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ́ mi ní orúkọ ìlú yìí.

Wọ́n ní ìró mẹ́ta ni kí n kọ́kọ́ mọ̀: c, x àti q. Wọ́n pe c. Mo ta gìrì. Òṣé mà ni! Èyí tí ìyá mi máa ń pa bí ẹ̀wà bá jóná ni àwọn ará ibí fi ń kọ ọ̀rọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ahọ́n ni x ti ń wá, bí ẹlẹ́ṣin tó ń lé ẹṣin rẹ̀. Q ló wá ró gbàmù, bí ìgbà tí ìdérí bọ́ lẹ́nu ìgò. Òun ló bẹ̀rẹ̀ Qunu, abúlé tí Mandela gbé dàgbà, tí àwa ń pè ní "Kúnù". Ọ̀dọ̀ àwọn Khoikhoi àti San ni Xhosa ti yá àwọn ìró yìí.

Màmá béèrè orúkọ mi. Mo ní Gbénga. "Benga." Rárá o. "Genga." Mo ní, "Màmá, ẹ pa ètè yín dé, kí ẹ̀yìn ahọ́n yín kan òkè ọ̀fun, kí ẹ tú méjèèjì sílẹ̀ pọ̀."

Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni ojú mi là. Àfàfàséfètèpè ni olùkọ́ wa máa ń pe gb: ibi méjì la ti ń sé èémí fún un. Ibi méjì náà ni ti q! Iwájú ahọ́n kan àjà ẹnu, ẹ̀yìn rẹ̀ kan òkè ọ̀fun. Iwájú ló kọ́kọ́ tú, afẹ́fẹ́ sì ya wọlé dípò kó jáde. Mọ̀lẹ́bí ni wá.

Ilẹ̀ ti mọ́ ká tó wọ ìlú. "Ó dàbọ̀, Gubenga," ni Màmá wí. Èmi náà sì pe Gqeberha tagbáratagbára. Wọ́n wò mí, wọ́n pòṣé. N kò mọ̀ bóyá wọ́n ń kọ́ mi ní c ni, àbí àánú mi ló ṣe wọ́n.