Àbọ̀ Ìbáwí fún Adìẹ Tó Ti Kú

Yorùbá ní òwe kan tí wọ́n máa ń pa nígbà tí àwọn ènìyàn bá fẹ́ di ẹ̀bi ru ẹni tí wọ́n ṣe níbi: 'Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó fàbọ̀ bá adìẹ.' Ẹni tó bá pa á gbà pé òun ti gbèjà adìẹ. Ó gbèjà rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ tún òwe náà wò. Ẹjọ́ adìẹ ṣì wà nílẹ̀, wọ́n kàn sún un síwájú ni. Bí akátá bá lọ tán, adìẹ yóò jókòó, yóò sì dáhùn ohun tó gbé e dé ẹ̀yìn ọgbà. Òwe náà sì gbà pé adìẹ ṣì wà láàyè tí yóò fi gbọ́ ìbáwí. Bí akátá bá ti pa á jẹ ńkọ́?

Ọjọ́ 26, oṣù kejì, ọdún 2022 jẹ́ ọjọ́ Sátidé. Ní nǹkan bí agogo méje alẹ́, Olúwabámiṣé Àyánwọlá, aránṣọ ẹni ọdún 22, wọ bọ́ọ̀sì ńlá tí ará Èkó ń pè ní BRT ní ibùdókọ̀ Chevron, lọ́nà Lẹ́kí. Òṣòdì ló ń lọ. Inú bọ́ọ̀sì náà ṣókùnkùn, èrò inú rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ara fu ọmọbìnrin náà. Ó gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ lórí fóònù, ó fi í ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó sọ nọ́ńbà bọ́ọ̀sì náà, 240257, ó sì bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kó gbàdúrà fún òun. Kò dé Òṣòdì. Ní ọjọ́ 7, oṣù kẹta, àwọn ẹbí rẹ̀ gbọ́ pé òkú rẹ̀ ni wọ́n rí.

Àgídìngbì jìnnà sí Lẹ́kí. Ìkẹjà ni, àdúgbò iléeṣẹ́ ńláńlá. Ibẹ̀ ni Cadbury wà, ibẹ̀ náà ni Radio Lagos ti ń fi èdè Yorùbá fọhùn. Bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣíìfù kan ti ń jáde ni àwọn mìíràn ń wọlé, ọ̀pọ̀ obìnrin ló sì ń dúró de ọkọ̀ níbẹ̀ ní ìdájí àti lálẹ́. Kò sẹ́ni tó ní láti ṣàlàyé ẹ̀rù ọkọ̀ alẹ́ fún irú àdúgbò bẹ́ẹ̀. Wọ́n kẹ́dùn, wọ́n sì ṣépè fún apànìyàn. Síbẹ̀, bí omijé ti ń gbẹ ni ìbéèrè ń yọjú, níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi ní gbogbo Èkó. Kí ló dé tó wọ bọ́ọ̀sì tó rí pé kò sí èrò nínú rẹ̀? Kí ló dé tí kò sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ara fu ú? Kí ló dé tó jẹ́ fóònù ló ń tẹ̀, tí kò figbe ta? Ọmọbìnrin wo ló ń rìn lóru? (Agogo méje ni wọ́n sọ di òru!)

Òkú ni gbogbo ìbéèrè wọ̀nyí ń bi. Kò sí èyí tó béèrè ẹni tó gba awakọ̀ náà síṣẹ́, tàbí ẹni tó yẹ kó máa mójú tó bọ́ọ̀sì lẹ́yìn tó bá kúrò ní ibùdó. Bẹ́ẹ̀, ohun tí tọmọdé tàgbà ń kìlọ̀ fún ọmọbìnrin Èkó ni pé kó yàgò fún dáńfó tí kò mọ awakọ̀ rẹ̀, nítorí gbọ́mọgbọ́mọ àti adigunjalè, kó wọ ọkọ̀ tí ìjọba mọ̀ sí. Ọkọ̀ tí ìjọba mọ̀ sí ni Bámiṣé wọ̀. Wọ́n ní bí ara bá fu ú, kó jẹ́ kí ẹlòmíràn mọ ibi tó wà. Ó ṣe é.

Kì í ṣe ìkà ló ń mú ọ̀pọ̀ nínú wọn sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ni. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ lálẹ́ kò lè sùn bó bá gbà pé ẹni tí kò ṣe àṣìṣe kankan lè kú báyìí. Ó di dandan kó rí àṣìṣe kan mú. Bó bá rí i, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀: ọmọ tèmi kò ní ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ tèmi á délé. Òkú ọmọ ọlọ́mọ ló fi ṣe ìrọ̀rí.

Àṣìṣe náà kì í sì í dúró lójú kan. Nígbà tí wọ́n pa Cynthia Osokogu ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Fẹ́sítáàkì ní oṣù keje ọdún 2012, ẹ̀bi tí wọ́n rí ni pé orí Facebook ló ti mọ àwọn tó pa á. Ní òpin oṣù karùn-ún ọdún 2020, Uwaila Omozuwa, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Benin, kú lẹ́yìn tí wọ́n kọlù ú nínú ṣọ́ọ̀ṣì tó ti ń kàwé. Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tí wọ́n fi pa Barakat Bello, ọmọ ọdún 18, nínú ilé àwọn òbí rẹ̀ ní Ìbàdàn. Bí ṣọ́ọ̀ṣì kò bá gbà wọ́n, tí ilé bàbá ẹni kò gbà wọ́n, ibo ló kù tí adìẹ yóò wà tí a kò ní bi í pé kí ló ń wá níbẹ̀?

Ẹnikẹ́ni má sì rò pé àìlajú Èkó ni. Ní oṣù kẹta ọdún 2021, ọlọ́pàá kan mú Sarah Everard ní ojú pópó ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì pa á. Ní oṣù kẹwàá, Philip Allott, tí àwọn ará North Yorkshire dìbò yàn láti máa bójú tó ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá, sọ lórí rédíò pé ó yẹ kí àwọn obìnrin gbọ́n sí i nípa ìgbà tí ọlọ́pàá lè mú wọn àti ìgbà tí kò lè mú wọn. Ariwo náà pọ̀ débi pé ó fi ipò sílẹ̀ nínú oṣù náà.

Òkú kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, àwọn tó wà láàyè ló ń gbọ́ ọ. Nígbà tí ẹjọ́ Bámiṣé dé kóòtù, obìnrin mìíràn jẹ́rìí pé awakọ̀ yìí kan náà, Andrew Ominikoron, ti fipá bá òun lò nínú bọ́ọ̀sì ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, nǹkan bí oṣù mẹ́ta ṣáájú ikú Bámiṣé. Ẹ fojú inú wo obìnrin tó bá fẹ́ sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò tí ìbéèrè àkọ́kọ́ ti jẹ́ 'kí ló gbé ọ wọ ọkọ̀ náà?' Ní ọjọ́ 2, oṣù karùn-ún, ọdún 2025, Adájọ́ Sherifat Sonaike ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Èkó dájọ́ ikú fún ọkùnrin náà.

Láyé àtijọ́, bí òkú ọ̀fọ̀ bá ṣẹlẹ̀, àwọn aládùúgbò á wọlé, wọ́n á jókòó ti bàbá àti ìyá ọmọ, wọn kò sì ní sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kò sẹ́ni tó ń bi ìyá léèrè ohun tí ọmọ lọ ṣe níbi tó kú sí.

Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú ní Àgídìngbì, àwọn ọmọbìnrin ń jáde níbi iṣẹ́, wọ́n ń na ọwọ́ sí ọkọ̀, wọ́n ń yọjú wo iye èrò tó wà nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn a máa wo nọ́ńbà ọkọ̀ kí wọ́n tó gun un, wọ́n á sì fi í ránṣẹ́ sí ẹnì kan nílé. Ohun tí Bámiṣé ṣe náà nìyẹn.