Ẹrù Amẹ́ríkà, Iná Ìjàrẹ́

Houston, Texas

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ọmọ yín gbọ́ lẹ́nu Bọ̀dá pé Àǹtí tó ń kó bọ̀ wálé láti Dallas ti fi microwave, fíríìjì àti bìlẹ́ńdà rẹ̀ ta ìdílé lọ́rẹ, ẹrù sì ti wọ kọ̀ńténà. Bọ̀dá ní step-down kan láti Àkúrẹ́, ẹ̀rọ tó ń dín fólítì kù, ni yóò parí ohun tó kù. Gbogbo ilé ń yọ̀. Ọmọ yín ò rí oorun sùn.

Ṣé ẹ rántí tósítà tí Bàbá Ìbàdàn gbé bọ̀ láti New York, tí Dádì kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tààrà? Kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu, èéfín ti gba ilé ìdáná. Títí Dádì fi kú, Bàbá Ìbàdàn ò yé sọ pé Dádì mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́ ni. Kò sẹ́ni tó mọ̀ọ́mọ̀. Fólítì 120 ni ti Amẹ́ríkà, ti Nàìjíríà jẹ́ 230 sí 240, ohun tó bá sì ń fi iná gbóná, bí fólítì bá di ìlọ́po méjì, agbára tó ń jẹ á di ìlọ́po mẹ́rin.

Ìyẹn ni step-down ń wò sàn, òun ló sì ń mú Bọ̀dá fọ́nnu. Ó ku ọ̀kan. Iná Nàìjíríà ń lọ síwá-sẹ́yìn nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti Amẹ́ríkà, ìgbà 60. Step-down lè sọ 240 di 120, kò lè sọ 50 di 60. Jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìnkùlé náà, 50 ni.

Microwave ló ń já ọmọ yín láyà jù. Tiransifọ́mà wúwo kan máa ń wà nínú irú rẹ̀, irin àti wáyà bàbà tí wọ́n wọ̀n fún 60. Tó bá bá 50 pàdé, á máa kùn hùn-ùn, á máa fa iná ju bó ṣe yẹ, ara rẹ̀ á sì gbóná rékọjá. Kò ní jó lọ́jọ́ kìíní. Á gbé ọbẹ̀ gbóná fún yín, ẹ ó máa ṣàdúrà fún Àǹtí, títí di òru ọjọ́ kan. Step-down pàápàá lè yọ́: microwave tí wọ́n kọ wáàtì 1000 sí lára lè máa fa bíi wáàtì 1500 láti inú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ògiri kan ló sì wà láàárín ilé ìdáná àti ibùsùn yín. Ta ni yóò gbé yín jáde? Ẹni tó yẹ kó wà níbẹ̀ ń fi fóònù tọ́jú ìyá.

Kí Bọ̀dá má sọ pé àwọn orílẹ̀-èdè tó ti gòkè àgbà ti yanjú ọ̀rọ̀ 50 àti 60 yìí. Ní Japan, 50 ni Tokyo ń lò torí ẹ̀rọ Jámánì tí wọ́n rà ní 1895, Osaka ń lo 60 torí ti Amẹ́ríkà. Nígbà tí omi òkun ba ibùdó iná Fukushima jẹ́ ní 2011, ìwọ̀nba iná díẹ̀ ni ìwọ̀ oòrùn rí fi ránṣẹ́ sí ìlà oòrùn.

Láti oṣù kẹsàn-án 2019 tí ààrá ti pa màlúù 36 lórí Òkè Owá ní Ìjàrẹ́, òjò kì í ṣú kí Bọ̀dá má fa gbogbo wáyà yọ. Ọkùnrin yìí kan náà ló ní kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀rù step-down!

Ní ti bìlẹ́ńdà, ó lè lo step-down tó ju agbára tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ lọ dáadáa.

Owó microwave tí wọ́n kọ 220-240V, 50Hz sí lẹ́yìn ń bọ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Kí Bọ̀dá rà á ní Àkúrẹ́, kó sì ya fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀ ránṣẹ́ kó tó sanwó.

Ọmọ yín ní Houston.