Ìyá Kan, Ọmọ Méjì

Nígbà tí wọ́n ní kí n kọ nǹkan sínú ìwé ọdọọdún wa yìí, mo mọ̀ pé àlàyé lórí tájúwíìdì tàbí ìtàn àwọn sàhábà ni ọ̀pọ̀ nínú yín yóò máa retí lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n ìṣirò ni mo fẹ́ bá yín sọ, ìṣirò àwọn ọmọ kéékèèké tí wọn kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ. Ẹni tó bá ń wí pé kí ló kan àáfà nínú ìṣirò, kí ó fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé àwọn ọmọ tó ń lọ sí ilé-ìwé láàárọ̀ náà ló ń wá bá wa ní ilé-kéwú lọ́sàn-án. Wọ́n á kó ìwé wọn dání, bí àyè bá sì wà kí wọ́n tó pe ìrun Àlàásárì, a máa ń bá wọn wo iṣẹ́ tí tíṣà wọn fún wọn. Láàárín wọn ni ọmọbìnrin kan wà, ọmọ ọdún méje, tí ìyá rẹ̀ ń ta búrẹ́dì àti ẹ̀wà. Bí ẹ bá bi í pé 6 àti 4 jẹ́ mélòó, kí ẹ tó pa ẹnu dé ó ti ní 10. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí ó yọ 6 kúrò nínú 10, ńṣe ni yóò na ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá síta, yóò máa ká wọn kò lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà mìíràn yóò ní 4, nígbà mìíràn yóò ní 5. Ìwé dé láti ilé-ìwé rẹ̀ pé bí kò bá ṣe dáadáa sí i nínú ìṣirò, yóò tún kíláàsì kà. Ìyá rẹ̀ wá bá mi lọ́jọ́ Jímọ̀ kan lẹ́yìn ìrun.

"Àáfà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọmọ yìí. Bàbá rẹ̀ ní olódo ni, ó ní kí ó fi ìwé sílẹ̀ kí ó máa bá mi tajà. Báwo ni yóò ṣe bá mi tajà nígbà tí kò lè ka ṣénjì?"

Mo ní kí ó fọkàn balẹ̀, pé ọmọ náà kì í ṣe olódo. Ohun tó ṣe é ni pé wọ́n ti kọ́ ọ ní ìròpọ̀ lọ́tọ̀, wọ́n tún kọ́ ọ ní àyọkúrò lọ́tọ̀, bí ẹni pé ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn méjèèjì ti wá. Ó ti há ti ìṣáájú sórí bí a ṣe ń há Fátíhà, ó wá ku kí ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í há èkejì. Ẹrù kan ṣoṣo ni, àwa ni a ń dì í ní méjì rù ú.

Mo mú tẹ̀sùbáà àtijọ́ kan tó ti já, mo yọ ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́wàá lára rẹ̀, mo sín wọn sí okùn tó gùn díẹ̀, kí àyè lè wà láti fà wọ́n síhìn-ín sọ́hùn-ún. Mo ní kí ó fa mẹ́fà sápá kan. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo apá kejì. "Mélòó ló wà lábẹ́ ọwọ́ mi?" Ó wo mẹ́fà tó wà níta, ó ní mẹ́rin. Kò ka ìka. Mo ṣí ọwọ́, mo wá bo mẹ́fà. "Mélòó ló wà lábẹ́ rẹ̀ báyìí?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní mẹ́fà ni, ṣebí kò sí ìlẹ̀kẹ̀ tó jáde kúrò lórí okùn. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ó ti ẹnu rẹ̀ jáde nìyẹn. Okùn náà kò pàdánù ìlẹ̀kẹ̀ kankan. Bí a bá pa á pọ̀ mẹ́wàá ni, bí a bá pín in mẹ́wàá náà ni.

Mo wá sọ fún un pé ìyá ni 10, àwọn ọmọ rẹ̀ méjì ni 6 àti 4. Bí àwọn ọmọ bá pàdé, ìyá wọn ni a ó rí, yálà ẹ̀gbọ́n ló ṣíwájú tàbí àbúrò: 6 + 4 = 10, 4 + 6 = 10. Bí ọmọ kan bá kúrò lọ́dọ̀ ìyá, èkejì ló kù: 10 − 6 = 4, 10 − 4 = 6. Gbólóhùn mẹ́rin, ẹbí kan. Ẹni tó bá ti mọ ọ̀kan nínú wọn ti mọ mẹ́ta yòókù, kò sí ohun tí yóò há sórí mọ́. Ojoojúmọ́ ni a ń ṣe é, bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré: lónìí 7 àti 3, lọ́la 8 àti 2, lẹ́yìn náà mo yọ ìlẹ̀kẹ̀ kan kúrò kí 9 lè di ìyá.

Mo tún ní kí ó lọ dúró ti ìyá rẹ̀ nídìí ọjà fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ó má fọwọ́ kan owó, kí ó ṣáà máa wò. Bí ẹnìkan bá ra ọjà 700 náírà tó sì mú 1,000 náírà wá, ìyá rẹ̀ kì í ronú àyọkúrò rárá. Yóò máa ka owó lé ẹni náà lọ́wọ́: 800, 900, 1,000. Obìnrin tí kò ka ìwé kankan ń fi ìròpọ̀ ṣe àyọkúrò láti àárọ̀ di alẹ́, kò sì sí ẹni tó pè é ní olódo. Ọmọ náà padà wá, ó ní, "Àáfà, ẹbí 7, 3 àti 10 náà ni, wọ́n kàn di ọgọ́rọ̀ọ̀rún ni." Ní ìparí sáà náà, wọn kò sọ pé kí ó tún kíláàsì kà mọ́, ìyá rẹ̀ sì ń jẹ́ kí ó máa fún oníbàárà ní ṣénjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú rẹ̀ ò kúrò lára àpò owó.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ́ àwọn yòókù. Nígbà tí a dé orí ìyá tó ń jẹ́ 8, tí a fi 4 sápá kan tí 4 sì kù sápá kejì, ariwo ta: "Ìbejì ni wọ́n!" Òótọ́ ni. Ẹbí ìbejì kì í ní gbólóhùn mẹ́rin, méjì péré ni: 4 + 4 = 8, 8 − 4 = 4. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń wá ìbejì kiri, wọ́n sì rí i fúnra wọn pé àwọn ìyá kan wà tí kò lè bí ìbejì, bí 7 àti 9. Èmi kọ́ ni mo kọ́ wọn ní ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n wá mẹ́nu ba èdè wa, nítorí ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ ọmọ wa kò lè ka owó dé ogún lédè Yorùbá mọ́, tí àwọn òbí sì ń fi yangàn. Láti mọ́kànlá dé mẹ́rìnlá, a ń fi lé mẹ́wàá ni. Ṣùgbọ́n bí a bá ti dé 15, ogún ni a ó kọjú sí, a ó máa dín in: márùndínlógún, ìyẹn ogún dín márùn-ún, mẹ́rìndínlógún, ogún dín mẹ́rin, títí dé mọ́kàndínlógún. Ọmọ tó pe 15 lédè Yorùbá ti yọ 5 kúrò nínú 20 láìmọ̀. Lárúbáwá àti Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn ń pè é ní márùn-ún pẹ̀lú mẹ́wàá. Nítorí náà, ọmọ tó bá gbọ́ èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti mọ ẹbí méjì tí 15 wà nínú wọn: 15 tó jẹ́ ìyá fún 10 àti 5, àti 15 tó jẹ́ ọmọ fún 20 pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ 5. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Bàbátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún odidi ọdún mẹ́fà, ìṣirò pẹ̀lú, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò kẹ́yìn sí àwọn ẹgbẹ́ wọn.

Ohun kan wà tó jẹ́ ti àwa ilé-kéwú nìkan. Ọwọ́ ọ̀tún ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ ìwé Lárúbáwá, bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé ìṣirò tí wọ́n fi kọ́ èmi gan-an ṣe lọ. Ọmọ tó bá kọ 8 sí ọ̀tún, tí ó fi àmì àyọkúrò àti 3 tẹ̀ lé e, tí ó sì fi 5 parí rẹ̀ lápá òsì, ohun tó tọ́ ló kọ. Ṣùgbọ́n tíṣà rẹ̀ láàárọ̀ yóò kà á láti òsì, yóò rí 5 = 3 − 8, yóò sì fi bírò pupa fà á kọjá. Bí ó bá jẹ́ ìròpọ̀ ni, kò sí ewu, nítorí àwọn ọmọ lè pààrọ̀ àyè. Àyọkúrò kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fi yanjú rẹ̀ ni ìbéèrè kan: "Ta ni ìyá?" Níbikíbi tí ẹ ti ń bẹ̀rẹ̀ ìwé, ìyá ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ. Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá rí irú àṣìṣe yìí nínú ìwé ọmọ yín, ẹ bi í léèrè kí ẹ tó nà án.

Àwọn kan lára àwọn àgbà wa ti bi mí bóyá kò yẹ kí n fi àsìkò náà kọ́ wọn ní kéwú. Ọmọ tó bá dàgbà sílé-kéwú yóò kọ́ ìmọ̀ ogún pípín lọ́jọ́ kan. Bí ọkùnrin kan bá kú, tí ó fi ìyàwó, ìyá, bàbá àti ọmọkùnrin kan sílẹ̀, tí kò sì sí gbèsè tàbí àsọtẹ́lẹ̀, ọ̀nà 24 ni a ó pín ohun ìní rẹ̀ sí. Ìyàwó gba 3, ìyá gba 4, bàbá gba 4, ìyẹn 11. Èyí tó kù ni ti ọmọ. Àáfà tí kò bá mọ̀ pé 11 àti 13 ni ọmọ 24 yóò dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹbí tó ń ṣọ̀fọ̀. Muhammad ibn Musa al-Khwarizmi, tó ṣiṣẹ́ ní Bàgídáàdì láyé Khalifa al-Ma'mun (813 sí 833), kọ ìwé tí orúkọ áljébrà ti jáde, apá tó pọ̀ nínú ìwé náà ló sì dá lórí ogún pípín. Al-jabr tó wà lórí ìwé náà, ìtumọ̀ rẹ̀ ni kí a dá ohun tó dín padà sí àyè rẹ̀. Bí a bá yọ 3 kúrò nínú nǹkan tó wá ku 5, ẹ dá 3 padà, ẹ ó rí ìyá wọn. Ohun tí ọmọ ọdún méje ń fi ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́wàá ṣe náà nìyẹn.

Ẹni tí kò bá ní ìlẹ̀kẹ̀, èkùrọ́ tó, òkúta wẹ́wẹ́ náà tó. Fún àwọn tó ti ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ, ẹ gbé ọpọ́n ayò sílẹ̀: ihò 12, ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ 48. Ẹbí ìsọdipúpọ̀ àti pípín wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó kù láàárín àwọn ọmọ mi báyìí ni ti òdo. Wọ́n fa ìlẹ̀kẹ̀ márààrún sápá kan, kò sí nǹkan kan lápá kejì. Ìyá ni 5, àwọn ọmọ rẹ̀ ni 5 àti 0. Ọ̀kan nínú wọn bínú: "Àáfà, ṣé ọmọ lè tóbi tó ìyá rẹ̀ ni?" Mo sọ fún wọn pé sifr tí Lárúbáwá ń pe òdo, ohun tó ṣófo ló túmọ̀ sí. Kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Ọmọbìnrin oníbúrẹ́dì ní ó yé òun, pé ìyá náà kò tíì bí ìkejì ni. Àwọn ọkùnrin ò gbà, wọ́n ṣì ń bá a jiyàn lé e lórí.