Ìrìnàjò Sí Àkùrọ̀ Ìrẹsì Ní Ìkòyí-Ilé

Láti Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti wọ ọkọ̀ Ìkòyí-Ilé ní ìdájí. Iṣẹ́ tí mo bá lọ kò dára kó kọjá aago mẹ́wàá òwúrọ̀, nítorí bí oòrùn bá ti mú tán, àwọ̀ ewé a máa tan ojú jẹ. Ẹ̀rọ SPAD, tí a fi ń wọn bí ewé ṣe dúdú tó, tí mo yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ kan tó ń ṣe ìwádìí wà nínú àpò mi, pẹ̀lú pátákó oníke pẹlẹbẹ kan tó ní àwọ̀ ewé mẹ́rin, bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó fẹ́ẹ́ pọ́n títí dé orí èyí tó dúdú minimini.

Ìlú Oníkòyí ni à ń lọ, ìlú àwọn Ẹ̀ṣọ́ tí Aláàfin fi ń jagun láyé Ọ̀yọ́-Ilé. Lónìí, ibẹ̀ ni olú ìjọba ìbílẹ̀ Oríire, oko ló sì yí i ká: iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo, kajú. Etí odò ni ẹ ó ti rí ìrẹsì.

Bàbá tó ni àkùrọ̀ ti ń dúró dè mí. Bí a ṣe kíra tán, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ṣé ẹ̀rọ yìí ló máa sọ ìgbà tí màá da yùríà?” Mo ní, “Ẹ jẹ́ ká bi ewé, Bàbá.” Àṣà wọn tẹ́lẹ̀ ni pé ọjọ́ tí owó bá wọlé ni ajílẹ̀ ń wọ oko. Bẹ́ẹ̀, nínú àpò yùríà oní-50 kìlógíráàmù, 23 péré ni náítírójìn, òjò ńlá kan sì lè gbé púpọ̀ lọ nínú rẹ̀.

A wọ inú ẹrẹ̀. Ewé tuntun tó ti là tán lókè ni à ń wò. Mo fi ẹnu ẹ̀rọ há a láì já a, mo tẹ̀ ẹ́, nọ́ńbà sì yọ. Ìmọ́lẹ̀ oríṣi méjì ni ẹ̀rọ náà rán gba inú ewé kọjá, ọ̀kan pupa, èkejì ojú wa ò lè rí i. Chlorophyll tó ń mú ewé dúdú a máa gbé èyí tó pupa mì, a sì jẹ́ kí èkejì kọjá. Ìyàtọ̀ méjèèjì ni ẹ̀rọ fi ń ṣírò. Náítírójìn sì wà lára ohun tí irúgbìn fi ń ṣe chlorophyll, nítorí náà bí ebi rẹ̀ bá ti ń pa á, àwọ̀ ewé á ṣá.

Ní ilé iṣẹ́ ìwádìí ìrẹsì àgbáyé, IRRI, ní Philippines, nọ́ńbà 35 lórí ẹ̀rọ yìí ni wọ́n fi ṣe ààlà fún ìrẹsì tí wọ́n tọ́ kí wọ́n tó lọ́ ọ. Irú ìrẹsì FARO 44 tí Bàbá gbìn lè má tẹ̀ lé ìyẹn gẹ́lẹ́. Ohun tí mo fọkàn tán jù ni kí àgbẹ̀ ya apá kékeré kan sọ́tọ̀, kó fún un ní ajílẹ̀ tó tó, kó sì máa fi ìyókù oko wé e. Bí nọ́ńbà ìyókù kò bá tó ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ti apá yẹn, àkókò ajílẹ̀ tó.

Àjẹjù náà wà. Bàbá mú mi lọ síbi tí àpò yùríà ti tú dà sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ìrẹsì ibẹ̀ dúdú, ó ga, ó sì ti wó lulẹ̀ pátápátá. Ní kọ̀rọ̀ mìíràn, ewé pọ́n tótòtó. Mo fura sí àrùn ìrẹsì tó ń mú ewé pọ́n, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Kẹ́ńyà lọ́dún 1966, èyí tí kòkòrò ń gbé kiri. Yùríà ò lè wò ó.

Mo wá fi pátákó aláwọ̀ mẹ́rin náà lé Bàbá lọ́wọ́. Wọ́n kọ ẹ̀yìn sóòrùn kí òjìji wọn bo ewé, wọ́n gbé àárín ewé náà lé orí pátákó, wọ́n wò ó títí. “Kò dé àwọ̀ kẹta,” ni wọ́n wí. Nínú ewé mẹ́wàá tí a wò káàkiri, bí èyí tí kò dé àwọ̀ kẹta tí a fi ṣe ààlà bá ju márùn-ún lọ, kí wọ́n da ajílẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n tún wò ó.

Owó ẹ̀rọ náà ju agbára àgbẹ̀ lọ. Pátákó oníke kò wọ́n, kò sì nílò bátìrì. Ẹ̀bẹ̀ mi sí ìjọba ìbílẹ̀ Oríire àti àwọn olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Yunifásítì LAUTECH, Ògbómọ̀ṣọ́: ẹ bá wa dán an wò lórí FARO 44 nínú àkùrọ̀ wa, kí a mọ ààlà tó bá a mu, kí ẹ sì pín pátákó náà fún àwọn àgbẹ̀ kí àsìkò gbígbìn tó ń bọ̀ tó dé.