Ọtí Tí A Kì Í Mì

Ẹ má rò pé a fẹ́ kọ́ yín ní ọtí mímu o. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa ní Àgbọ́wọ́, lálẹ́ ọjọ́ tí a parí ìdánwò àṣekágbá, la fẹ́ sọ.

Àwa mẹ́rin la jọ ń gbé. Bàbá ọ̀kan nínú wa ṣe iṣẹ́ agbọ́tí ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Èkó nígbà ọ̀dọ́ wọn. Wọ́n ti ṣèlérí fún ọmọ wọn pé lọ́jọ́ tó bá parí yunifásítì, àwọn méjèèjì yóò jókòó po Rob Roy mu. Ikú ò jẹ́ kí wọ́n dúró dè é. Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ ni ìwé pélébé kan tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ, àti ìgò wisikí Scotland kan tí kò kún mọ́. Nígbà tí a wọ̀n ọ́n, ó ku nǹkan bíi mílílítà 180. Ife mẹ́ta péré nìyẹn. Ọ̀kan nínú wa kì í mu ọtí, nítorí náà ó ṣe rẹ́gí.

Rob Roy kì í ṣe ọtí àná. Ohun tí wọ́n sọ ni pé òtẹ́ẹ̀lì Waldorf ní New York ni wọ́n ti kọ́kọ́ pò ó, ní 1894, wọ́n sì fi orúkọ eré olórin kan tó jáde níbẹ̀ lọ́dún náà pè é. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ò pọ̀: wisikí Scotland mílílítà 60, vermouth pupa tó dùn mílílítà 30, Angostura ẹ̀kán méjì, àti yìnyín. Wáìnì ni vermouth, àmọ́ wọ́n ti rẹ ewé, egbò àti èèpo igi sínú rẹ̀. Ẹni tó bá mọ àgbo yóò tètè mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀.

Ìwàǹwára wa ló ba ti àkọ́kọ́ jẹ́. A ti dáwó jọ ra vermouth, ṣùgbọ́n a ò fara balẹ̀ ka ìwé Bàbá. A rí “bítà” níbẹ̀, ẹnì kan nínú wa sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé, ó ra bítà ìgò kékeré tí àwọn awakọ̀ ń mu. A dà á sí i gbuurugbu. A kó gbogbo rẹ̀ sínú ìgò pẹ̀lú yìnyín wẹ́wẹ́, a sì mì ín bí a ṣe ń rí i nínú fíìmù. Ó hó, ó dúdú, omi pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó sì ń dùn bí àgbo jẹ̀díjẹ̀dí. Kò sẹ́ni tó lè gbé e mì lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀rẹ́ wa ò bínú, kò sọ̀rọ̀. Ó kàn ń wo ìgò bàbá rẹ̀. Ojú tì wá gan-an.

A tún ìwé náà kà. Angostura ni Bàbá kọ. Trinidad ni wọ́n ti ń ṣe é báyìí, àmọ́ dókítà kan tó ń jẹ́ Siegert ló kọ́kọ́ ṣe é ní Venezuela ní 1824, gẹ́gẹ́ bí oògùn inú. A dáwó jọ lẹ́ẹ̀kejì, a rí i rà ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní Bódìjà. Nígbà tí a fi máa padà dé, iná ti lọ. A lọ bá ìyá tó ń ta omi tútù.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, yìnyín ńlá-ńlá la fẹ́.”

“Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí lẹ fẹ́ fi ṣe lálẹ́ yìí?”

“A ti parí ìdánwò, mà.”

“Ẹ kú oríire o!” Wọ́n fi ènì sí i.

Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rẹ́ wa ló pò ó. Ó kó yìnyín sínú jọ́ọ̀gì, ó wọn gbogbo rẹ̀ sí i, ó fi ṣíbí gígùn rò ó jẹ́jẹ́, láìpariwo, fún nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú. Ohun tí Bàbá kọ ni pé kó rò ó títí ara jọ́ọ̀gì yóò fi tutù lọ́wọ́. Ọtí tí kò ní omi èso nínú, rírò ló yẹ ẹ́. Mímì ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó ń fọ́ yìnyín, kì í jẹ́ kó mọ́ gaara. A ti rò pé omi ń ba ọtí jẹ́ ni. Àṣé omi díẹ̀ tó ń yọ́ lára yìnyín wà lára ohun tí a fi ń pò ó, òun ló ń pẹ̀tù sí iná wisikí. Ọdún 3, ó kéré tán, ni òfin ní kí wisikí Scotland lò nínú àgbá igi. Àwa ò lè fún un ní ìdajì ìṣẹ́jú.

Ó fi asẹ́ tíì sẹ́ ẹ sínú ife méjì. A ò ní ṣẹ́rì tí wọ́n máa ń fi sí i, a fún èèpo ọsàn sí i lórí. Ife méjì, ẹni mẹ́ta tó ń mutí. Kò sẹ́ni tó bèèrè. Àwa tí a mi ti àkọ́kọ́, a ti mu tiwa. Ó gbé ọ̀kan síwájú àga tó ṣófo, ó mu ìkejì díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní kí a wá tọ́ ti Bàbá wò. Ó dùn, ó korò díẹ̀, ó tutù dé ọ̀fun.

Ó ti fọ ìgò yẹn, ó wà lórí tábìlì rẹ̀. Ìwé pélébé yẹn náà wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ pò ó nílé, ẹ gbé vermouth tí ẹ bá ti ṣí sínú fíríìjì, wáìnì ni, ó máa ń bàjẹ́. Ẹ má sì mì ín o.