Àdúrà Kò Ní Kí A Má Ṣí Ìsọ̀

Ọ̀rọ̀ àdúrà ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí. Èmi kì í ṣe àlùfáà, n kì í sì í ṣe ajíhìnrere. Aṣọ ni mo ń tà ní ọjà Gbági ní Ìbàdàn, olùkọ́ sì ni baálé mi kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti ń ná ọjà fún ogún ọdún ó lé yóò ti mọ̀ pé bí a kò bá mọ àdúrà í gbà, àníyàn ni yóò máa bá wa jókòó ti àtẹ.

Lọ́dọ̀ ìyá mi ni mo ti kọ́kọ́ rí bí a ti ń gbàdúrà. Ẹlùbọ́ ni ó ń tà. Kò mọ̀wé, kò sì mọ àdúrà gígùn tí í mú ènìyàn tòògbé. Bí ó bá ti gbé igbá rẹ̀ lérí, kí ó tó kọjá ẹnu ọ̀nà, a wí pé, “Baba, òní ni mo mọ̀, ìwọ ni o mọ ọ̀la.” Ó tán. Bí ọjà bá tà, a dúpẹ́. Bí kò bá tà, a tún dúpẹ́, a sì sá ẹlùbọ́ rẹ̀ sí oòrùn kí ó má baà bu. Mo bi í léèrè nígbà kan pé, “Ìyá mi, kí ni ẹ ń dúpẹ́ fún nígbà tí ọjà kò tà?” Ó ní, “Ẹsẹ̀ tí ó gbé mi lọ náà ni ó gbé mi bọ̀. Ṣé èyí kò tó ọpẹ́ ni?”

Nígbà tí mo dàgbà tí mo ń ka Bíbélì fúnra mi, mo rí i pé àdúrà ìyá mi wà níbẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ní kí Jésù kọ́ àwọn bí a ti ń gbàdúrà, oúnjẹ òòjọ́ ni ó ní kí wọ́n máa tọrọ. Ẹ wò ó, kò dárúkọ ti oṣù, kò dárúkọ ti ọdún. Bákan náà ni mánà tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì jẹ ní aginjù: èyí tí wọ́n bá fi pamọ́ di ọjọ́ kejì a yọ ìdin, àfi èyí tí wọ́n kó sílẹ̀ de ọjọ́ ìsinmi. Àwa oníṣòwò a máa fẹ́ mọ èrè ọdún tí ń bọ̀ kí a tó lè sùn lálẹ́ òní. Ọlọ́run kò bá wa dá irú májẹ̀mú bẹ́ẹ̀.

Mo tún rí Nehemáyà, agbọ́tí ọba Pásíà. Ó dúró níwájú ọba, ojú rẹ̀ fà ro nítorí odi Jerúsálẹ́mù tí ó wó. Ọba bi í pé kí ni ó ń fẹ́. Kò sí ààyè láti kúnlẹ̀, kò sí ààyè láti kọ orin. Ó gbàdúrà nínú ọkàn rẹ̀ kí ó tó dá ọba lóhùn. Ẹ̀yin ará, àdúrà ọjà nìyí! Oníbàárà yóò fa aṣọ sọ́tùn-ún, yóò fà á sósì, yóò sì dá iye tí kò tó owó ọjà. Inú yóò ru sókè dé ọ̀fun. Níbẹ̀ ni mo máa ń wí nínú ọkàn mi pé, “Olúwa, bá mi ṣọ́ ẹnu mi.” Ẹ̀yin olùkọ́ náà lè gbà á kí pàṣán tó balẹ̀ sí ẹ̀yìn ọmọ ọlọ́mọ.

Ìdí iṣẹ́ ni Ọlọ́run ti í bá ẹlòmíràn pàdé. Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tí ìsọjí rẹ̀ ní Ilésà ní ọdún 1930 mi gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, awakọ̀ ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ títì ni. Lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni ó wà ní ọdún 1928 nígbà tí ó gbọ́ ìpè. Ṣáájú àkókò náà, ní ọdún 1918, nígbà tí àrùn ọ̀fìnkìn burúkú jà káàkiri ayé tí ó sì dé ilẹ̀ wa, àwọn kan nínú ìjọ Áńgílíkà ní Ìjẹ̀bú-Òde kó ara wọn jọ fún àdúrà. Irú àwọn ènìyàn báwọ̀nyí ni a wá ń pè ní aládùúrà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ oògùn sílẹ̀ pátápátá. N kò bá wọn jà, ṣùgbọ́n èmi a máa gbàdúrà, n ó sì lo oògùn. Oníṣègùn ni Lúùkù tí ó kọ Ìhìnrere.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ojú mi rí. Ní ọdún 2015, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Nàìjíríà jẹ àwọn òṣìṣẹ́ ní owó oṣù. Owó baálé mi kò wọlé. Àwọn olùkọ́ tí wọ́n ti gba aṣọ àwìn lọ́wọ́ mi kò rí owó san, èmi náà sì jẹ Alájà tí ń kó ọjà fún mi ní ọ̀kẹ́ àìmọye náírà. Ọmọ wa obìnrin ń dúró de owó ilé-ìwé. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo tẹ́ ìwé gbèsè mi sílẹ̀ lórí ibùsùn, mo ń ka orúkọ àwọn tí ó jẹ mí lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run pèsè fún wọn. Bí mo ti ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀, ìbínú mi sí wọn ń rọ̀. Mo rí i pé ebi tí ń pa mí náà ni ó ń pa wọ́n.

Ilẹ̀ mọ́, mo gbé ìwé náà, mo tọ Alájà lọ ṣáájú ọjọ́ àdéhùn. Mo kúnlẹ̀, mo ṣí ìwé sílẹ̀ fún un. Ó wò ó títí, ó ní, “Ẹni tí ń sá kì í gbé ìwé wá. Máa san án díẹ̀díẹ̀.” Mùsùlùmí ni, ṣùgbọ́n nípasẹ̀ rẹ̀ ni Ọlọ́run dá mi lóhùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó àjákù ànkárá jọ, mo ń tà á fún àwọn aránṣọ tí ń rán báàgì. Baálé mi ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìnnì ní ìrọ̀lẹ́. Oṣù méje ni a fi san gbèsè náà tán. Owó kò já bọ́ láti ọ̀run, ṣùgbọ́n nínú oṣù méje yẹn, mo ń sùn.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí a bá tọrọ ni a ń rí gbà bí a ti fẹ́ ẹ. Ní ọdún 2019, àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu baálé mi. Apá ọ̀tún kú. A gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn, a gba àwẹ̀, gbogbo ìjọ bá wa bẹ Ọlọ́run pé kí apá náà sọjí. Ẹsẹ̀ padà díẹ̀, ó ń fi ọ̀pá rìn, ṣùgbọ́n apá kò padà títí di òní. Ọkùnrin tí ó kọ àwọn ọmọ ní ìwé kíkọ fún ọdún márùndínlógójì kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀ mọ́! Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó ní kí n ra ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ onílà méjì wá. Ó fi ọwọ́ òsì mú pẹ́ńsù, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí A. Lónìí, òun ni ó ń bá mi kọ ìwé ìsọ̀ mi. Àdúrà tí a gbà fún apá ọ̀tún, mo ṣì ń gbà á. Ṣùgbọ́n mo ń dúpẹ́ fún ọwọ́ òsì.

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ má dúró di ìgbà tí ọ̀ràn bá sú òkùnkùn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú ohun kékeré: kí ẹ tó ṣí ilẹ̀kùn ìsọ̀, kí ẹ tó wọ kíláàsì, kí ẹ tó fèsì ọ̀rọ̀ tí ó dùn yín. Ẹ dárúkọ ohun tí ẹ ń fẹ́ gan-an, ẹ má ṣe fi àdúrà gé ọ̀nà yí iṣẹ́ ká. Ẹ kọ gbèsè yín sílẹ̀, ẹ sọ òtítọ́ fún ẹni tí ẹ jẹ, kí ẹ sì rántí ẹni tí ó jẹ yín níwájú Ọlọ́run. Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣí ìsọ̀ yín. Ẹni tí ó ni òní ni ó ni ọ̀la, kò sì ní jẹ́ kí ojú tì wá. Àmín.